Ìjọba wo ló pa èèyàn jù, ti kápítálíìsì ni àbí ti sósíálíìsì? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ìṣirò náà wò

AkàwéBódìjà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ lánàá lórí ìyàn 1932 sí 1933 ní ilẹ̀ Ukraine, tó wà lábẹ́ ìjọba Soviet ti Rọ́ṣíà nígbà yẹn, ti pọ̀ ju ibi tó wà lọ, ìdí nìyí tí mo fi ṣí ojúlé mìíràn fún un. Fún ẹni tí kò sí níbẹ̀: apá kan ní àwọn ìjọba sósíálíìsì (níbi tí ìjọba ti ń di ilẹ̀ àti iléeṣẹ́ mú) pa 100 mílíọ̀nù èèyàn ní ọ̀rúndún tó kọjá, pé kápítálíìsì (níbi tí aládàáni ti ni ilẹ̀ àti iléeṣẹ́, tí wọ́n ń wá èrè) kò ní irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Apá kejì ní kí wọ́n lọ wo òwò ẹrú, Kóńgò lábẹ́ Leopold ọba Belgium, àti ìyàn Íńdíà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó la ẹnu. Tọ̀túntòsì ń sọ iye lu ara wọn bí òkò, kò sì sẹ́ni tó sọ ibi tó ti ṣà á.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju méjì lọ. Ẹni tó bá dárúkọ iye, kó sọ bí wọ́n ṣe kà á. Ẹni tó bá dárúkọ ìwà ìkà, kó sọ bí wọ́n ṣe ṣe é: ta ló pàṣẹ, ta ló kó oúnjẹ lọ, kí ló dé tí ẹni tí ebi ń pa kò rí ọ̀nà sá.

OníṢirò_Yemẹtu

Ẹ̀gbọ́n Akàwé, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí 100 mílíọ̀nù yẹn. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú inú ìwé kan tó jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1997 ló ti wá. Wọ́n kọ 65 mílíọ̀nù sí Ṣáínà lọ́rùn, 20 mílíọ̀nù sí Soviet, ìyókù sí àwọn tó kù. Méjì nínú àwọn tó kọ ìwé náà fúnra wọn, Nicolas Werth àti Jean-Louis Margolin, jáde ní gbangba pé olóòtú àwọn ti na iye náà kó lè kan 100. Werth ní 15 mílíọ̀nù ni ẹ̀rí lè gbé fún Soviet. Ẹ má ṣe rò pé mo ń fojú kéré rẹ̀. 15 mílíọ̀nù èèyàn ju gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ dáadáa.

Bí wọ́n ṣe ń ka òkú ìyàn rèé, torí ìyàn ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú iye wọ̀nyí. Ká ní àgbègbè kan ní 1,000,000 èèyàn. Ní ọdún tí ara dẹ̀, 20 nínú ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan ló ń kú, ó jẹ́ 20,000. Ìyàn dé, 70 kú nínú ẹgbẹ̀rún, ó di 70,000. Yọ ti ọdún tó dẹ̀ kúrò, 50,000 ló kù. Àwọn yẹn ni òkú àfikún, àwọn ni à ń pè ní òkú ìyàn.

Ibi tí ìṣirò ti máa ń wọ́ pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ọdún tí ẹ mú ṣe òṣùwọ̀n: bí ẹ bá ní 25 ló ń kú tẹ́lẹ̀ dípò 20, 5,000 òkú ti pòórá lórí ìwé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí dìde. Ìkejì ni ọmọ tí wọn kò bí. Nígbà ìyàn obìnrin kì í sábà lóyún. Bí ìbímọ bá já wálẹ̀ láti 40 sí 20 nínú ẹgbẹ̀rún, 20,000 ọmọ ni kò wá sáyé. Àwọn kan máa ń rọra kó wọn mọ́ òkú, iye náà á sì wú. Ìkẹta ni àwọn tó sá lọ: ìkànìyàn tó ń bọ̀ kò ní bá wọn nílé, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ á kà wọ́n mọ́ àwọn tó kú. Ìkẹrin ni òkú tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, pàápàá ìkókó.

Ti Ṣáínà fi èyí hàn dáadáa. Ìwé ìjọba wọn fúnra rẹ̀ ní 10.8 ló kú nínú ẹgbẹ̀rún ní 1957, ó di 25.43 ní 1960. Ẹni tó bá lo ìwé yẹn bó ṣe wà á rí nǹkan bíi 15 mílíọ̀nù. Ẹni tó bá tún òkú tí wọn kò kọ sílẹ̀ ṣe á dé nǹkan bíi 30 mílíọ̀nù. Àwọn tó gbé e dé 45 mílíọ̀nù tún gbára lé ìwé àwọn agbègbè, wọ́n sì ka àwọn tí wọ́n lù pa mọ́ ọn.

Ti Kóńgò tún le ju ìyẹn lọ. Kò sí ìkànìyàn gidi níbẹ̀ títí di 1924. Ìgbìmọ̀ ìjọba Belgium kan sọ ní 1919 pé ìdajì àwọn èèyàn ibẹ̀ ti lọ. Àwọn kan mú 10 mílíọ̀nù tí wọ́n kà ní 1924, wọ́n ní bí ìdajì bá ti lọ, 10 mílíọ̀nù mìíràn ti gbọ́dọ̀ wà rí. Ibẹ̀ ni "10 mílíọ̀nù" ti wá. Àìsàn sunrunsunrun wà nínú rẹ̀, ìbímọ tó dín kù wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọmọ tí wọn kò bí ní Ṣáínà, kó kọ̀ ọ́ ní Kóńgò náà. Òṣùwọ̀n méjì nínú ọjà kan, olè ni.

ỌmọÀgbẹ̀_Mọníyà

Mo fara mọ́ Oníṣirò. Ẹ jẹ́ kí n mú ti Ukraine, torí àwọn èèyàn máa ń sọ pé "Stalin", olórí Soviet, "fi ebi pa wọ́n" láìsọ bí èèyàn ṣe lè fi ebi pa àgbẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ dúdú tó lọ́ràá bí ti ibẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni láti fi ebi pa àgbẹ̀.

Láti ìparí 1929 ni wọ́n ti ń kó oko àwọn èèyàn pọ̀ di oko àjùmọ̀dá. Àwọn tí wọ́n pè ní kúlákì (àgbẹ̀ tí wọ́n ní ó lọ́rọ̀ díẹ̀), bíi 1.8 mílíọ̀nù èèyàn, ni wọ́n kó lọ sí àwọn ibi tó jìnnà ní 1930 àti 1931. Àwọn tó kù ń pa màlúù àti ẹṣin wọn jẹ kàkà kí wọ́n fà á lé ìjọba lọ́wọ́. Ẹṣin ló ń fa ohun ìtúlẹ̀. Nígbà tí ẹṣin tán, ìtúlẹ̀ bàjẹ́, ìkórè 1932 sì kéré. Títí dé ibí, ẹ lè pè é ní àṣìṣe. Ohun tó tẹ̀lé e ni kì í ṣe àṣìṣe.

Moscow, olú ìlú Soviet, ló ń pín iye ọkà tí agbègbè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú wá. Iye náà kò tẹ̀lé ìkórè wálẹ̀ tó. Ní 7 oṣù kẹjọ 1932, òfin jáde: ẹni tó bá mú ohunkóhun nínú oko àjùmọ̀dá, ìbáà jẹ́ ṣírí àlìkámà tó já bọ́, ikú ni tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ní oṣù kọkànlá, abúlé tí kò bá pé iye rẹ̀ wọ ìwé dúdú: wọ́n kó ọjà inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, wọ́n fòfin de káràkátà, wọ́n ní kó san gbèsè rẹ̀ kíá. Ẹni tí kò bá ní ọkà, wọ́n gba ẹran rẹ̀ àti ọ̀dùnkún rẹ̀ ṣe owó ìtanràn. Ní oṣù kejìlá wọ́n kó irúgbìn tí wọ́n fẹ́ gbìn ní ọdún tó ń bọ̀. Ní 27 oṣù yẹn kan náà, òfin ìwé ìrìnnà abẹ́lé jáde, àgbẹ̀ kò sì sí lára àwọn tí wọ́n ń fún. Ní 22 oṣù kìíní 1933, àṣẹ jáde pé kí wọ́n má ta tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè fún àgbẹ̀ Ukraine àti Kuban (agbègbè kan ní Rọ́ṣíà nítòsí Ukraine), kí wọ́n sì dá àwọn tó ti jáde padà.

Ẹ wò ó: ọkà lọ, ẹran lọ, irúgbìn lọ, ọjà tì, ọ̀nà tì. Bíi 3.5 sí 3.9 mílíọ̀nù ló kú ní Ukraine nìkan. Ní 1932 yẹn kan náà, Soviet kó bíi 1.7 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ọkà lọ tà sókè òkun. Bí ẹ bá fún ẹnì kan ní 200 kílò ọkà lọ́dún, èyí tó lé díẹ̀ ní ìdajì kílò lójúmọ́, tọ́ọ̀nù kan á bọ́ èèyàn 5. Ọkà tí wọ́n tà yẹn á bọ́ 8.5 mílíọ̀nù èèyàn fún ọdún kan gbáko.

Àwọn àgbààgbà ìlú Ìbàdàn mọ Marketing Board. Ìjọba nìkan ló ń ra kòkó, òun ló ń dá iye, ó sì ń jẹ èrè orí rẹ̀. Ìrẹ́jẹ ni. Ṣùgbọ́n kòkó kì í ṣe oúnjẹ, ẹ̀gẹ́ àti iṣu àgbẹ̀ ṣì wà lóko rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín pé kí wọ́n rẹ́ èèyàn jẹ àti pé kí ó kú nìyẹn. Bí ọwọ́ kan ṣoṣo bá di gbogbo oúnjẹ ìlú mú, tó sì tún di ọ̀nà ìlú mú, èmi kò rí ètò tó léwu tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi wà lápá àwọn tó sọ pé ti sósíálíìsì burú jù.

ÌyáOnírẹsì_Ṣáńgo

Ọmọ Àgbẹ̀, ẹ sọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyàn tí ọjà fúnra rẹ̀ ṣe náà wà, ẹ jẹ́ kí n mú Bengal, ní ìlà-oòrùn Íńdíà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1943.

Ní 1942 Japan gba Burma, ìrẹsì Burma kò wọlé mọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rù pé Japan á gba etíkun Bengal. Wọ́n kó ìrẹsì kúrò ní àwọn agbègbè etíkun, wọ́n sì gba gbogbo ọkọ̀ ojú omi tó bá lè gbé ju èèyàn 10 lọ. Ó ju 40,000 ọkọ̀ lọ. Bengal kún fún odò. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń pẹja, òun ni wọ́n fi ń dé oko, òun ni wọ́n fi ń gbé ìrẹsì lọ sọ́jà. Ní oṣù kẹwàá 1942, ìjì líle kọlu Midnapore. Àwọn ìpínlẹ̀ Íńdíà yòókù ti ẹnubodè wọn, wọn kò jẹ́ kí ọkà jáde.

Bí ọjà ṣe pani rèé. Ìjọba ń tẹ owó fún ogun. Àwọn oníṣòwò rí i pé iye ìrẹsì ń gòkè, wọ́n sì tọ́jú tiwọn pamọ́ kó lè gòkè sí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1942 sí àárín 1943, owó ìrẹsì fò sókè ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Owó iṣẹ́ alágbàṣe inú oko kò bá a gòkè bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ogun ní Calcutta ń rí ìrẹsì rà ní pọ́ọ́kú, torí ìjọba kò fẹ́ kí iṣẹ́ dúró. Apẹja, alágbẹ̀dẹ, alágbàṣe àti àwọn aya wọn ni wọ́n kú lójú ọ̀nà, níwájú ṣọ́ọ̀bù tí ìrẹsì wà nínú rẹ̀. Amartya Sen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Íńdíà, ló ṣàlàyé èyí kedere: oúnjẹ lè wà nílùú kí ẹ máà ní ohun tí ẹ máa fi gbà á. Ìgbìmọ̀ ìwádìí 1945 ní 1.5 mílíọ̀nù ló kú; àwọn oníṣirò lẹ́yìn wọn ní ó tó 2 sí 3 mílíọ̀nù.

Adúróṣinṣin_Mọ́kọ́lá

Àǹtí, ogun ló fa ti Bengal. Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kò jókòó kó ní kí wọ́n pa àwọn ará Bengal bí Stalin ṣe pàṣẹ. Ọkọ̀ òkun kò tó nígbà yẹn.

ÌyáOnírẹsì_Ṣáńgo

Ọkọ̀ òkun kò tó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 1943 ni London tún gé ọkọ̀ tó ń ná Òkun Íńdíà kù, wọ́n sì kọ ẹ̀bẹ̀ ìjọba Íńdíà léraléra. Ìwé òfin ìyàn wà ní Íńdíà láti àwọn ọdún 1880, tó sọ ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe bí ìyàn bá mú. Wọn kò kéde rẹ̀, torí bí wọ́n bá kéde rẹ̀, dandan ni kí wọ́n bọ́ àwọn èèyàn. Nígbà tí Wavell di aṣojú ọba ní oṣù kẹwàá 1943, ó kó ọmọ ogun àti ọkọ̀ wọn síta láti gbé oúnjẹ dé abúlé. Ogun ṣì ń jà nígbà yẹn. Ohun tó ṣeé ṣe ní oṣù kẹwàá ṣeé ṣe ní oṣù kẹta.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan tó dùn mí jù kún un. Ní 1873 sí 1874, òjò kò rọ̀ ní Bihar, ní Íńdíà. Richard Temple, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ra ìrẹsì púpọ̀ láti Burma, ó pín in, ìwọ̀nba èèyàn ló kú. Wọ́n bú u ní London pé ó ná owó ní ìnákúnàá. Ní 1877 ìyàn tún mú ní Madras, wọ́n rán Temple yìí kan náà lọ, pé kó dín ìná kù. Ó ní kí wọ́n máa fún alágbàṣe tó ń fọ́ òkúta ní pọ́n-ùn kan ọkà lójúmọ́. Bíi 450 gíráàmù nìyẹn. Lójú àwa tí à ń ra ìrẹsì ní Bódìjà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kóńgò ni, fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ó ju 5 mílíọ̀nù èèyàn lọ tó kú ní ìyàn 1876 sí 1878, àlìkámà Íńdíà sì ń wọ ọkọ̀ lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin kan náà, ilẹ̀ ọba kan náà, irú ọ̀dá kan náà. Ọ̀rọ̀ owó ló yàtọ̀.

Olùkọ́Ìtàn_Àgbowó

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo yín. Ẹnì kan béèrè lánàá bóyá Kóńgò Leopold jẹ́ kápítálíìsì, torí ọba ló ni ín. Ìbéèrè tó dára ni.

Láti 1885 sí 1908, ohun ìní Leopold fúnra rẹ̀ ni Kóńgò. Ó kéde pé ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá kọ́lé sí tàbí dáko sí jẹ́ ti ìjọba, ó wá fi àwọn agbègbè ńláńlá fún iléeṣẹ́ bíi ABIR, tí ìjọba rẹ̀ ní ìpín nínú rẹ̀. Táyà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí dé ní 1888, rọ́bà di góòlù. Rọ́bà ibẹ̀ kì í ṣe igi tí wọ́n gbìn, ìtàkùn inú igbó ni. Ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní agbègbè ABIR gbọ́dọ̀ mú kílò 3 sí 4 rọ́bà gbígbẹ wá lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Nígbà tí ìtàkùn tòsí ilé tán, wọ́n ń rìn jìnnà sí i, àwọn mìíràn ń gé ìtàkùn náà já láti rí oje púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sì mú kó tètè tán. Iye tí wọ́n ní kí wọ́n mú wá kò dín. Wọ́n á ti àwọn obìnrin abúlé mọ́lé títí rọ́bà á fi pé. Ta ló máa wá gbin oko? Ìyàn dé. Ní ti ọwọ́ tí wọ́n ń gé, ìṣirò ọta ìbọn ló bí i: ọ̀gá àwọn ọmọ ogun fẹ́ kí ọta kọ̀ọ̀kan ní òkú tirẹ̀, kí wọ́n má fi pẹran, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni rìsíìtì. Ẹni tó bá ti fi ọta pẹran á gé ọwọ́ alààyè.

Ẹ ò rí i pé ó jọ ti Ukraine tí ẹ̀gbọ́n Ọmọ Àgbẹ̀ kọ? Iye tí wọ́n bù léni lórí, tí kì í wálẹ̀ bí ohun tí wọ́n ń wá bá ń tán. Ẹni kan ṣoṣo tó ń rà. Ìdógò. Ọ̀nà tó tì.

Ohun tó tú u síta ni mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí. E. D. Morel ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun Elder Dempster. Ó wo ìwé ẹrù ọkọ̀ ní Antwerp: rọ́bà àti eyín erin ń kún wọlé, ìbọn àti ọta ló ń lọ, ọjà tí wọ́n lè fi sanwó kò sí. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹrú ni wọ́n ń lò. Roger Casement, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lọ síbẹ̀, ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1904, ní 1908 Belgium gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ọba. Kí Leopold tó fi í sílẹ̀, ó sun ìwé rẹ̀.

Àti òwò ẹrú: bíi 12.5 mílíọ̀nù ni wọ́n kó wọ ọkọ̀, 10.7 mílíọ̀nù ló gúnlẹ̀ láàyè. Ní 1781, àwọn atukọ̀ Zong, ọkọ̀ òkun ẹrú ti Gẹ̀ẹ́sì, ju ohun tó lé ní 130 ẹrú sínú òkun, wọ́n wá lọ béèrè £30 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ adójútòfò. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù kì í ṣe ẹjọ́ ìpànìyàn. Ẹjọ́ owó ni.

Adúróṣinṣin_Mọ́kọ́lá

Mo gba ti Kóńgò, mo sì gba ti Zong, kò sí bí èèyàn ṣe lè wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ti Ṣáínà wé gbogbo ìyẹn. Kò sí ogun ní 1959. Kò sí amúnisìn. Ìjọba àwọn àgbẹ̀ ló pa àgbẹ̀.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀: ní 1958 wọ́n kó gbogbo ìgbèríko pọ̀ sínú kọ́múùnù bíi 26,000. Wọ́n kó ìkòkò irin inú ilé lọ yọ́ nínú iná ìléru ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n lè ní irin púpọ̀; irin tó jáde kò wúlò. Ilé oúnjẹ gbogboogbò ló wá ku ibi tí èèyàn ti lè jẹun, ẹni tó bá sì di síbí ilé oúnjẹ mú ló di ẹ̀mí wọn mú. Wọ́n ní kí wọ́n gbin ìrẹsì sún mọ́ra jù, kí wọ́n tú ilẹ̀ jìn jù, kí wọ́n pa ológoṣẹ́. Kòkòrò wá jẹ oko.

Irọ́ ló parí iṣẹ́ náà. Ọ̀gá kọ́múùnù kan á ní òun kórè ìlọ́po mẹ́wàá, ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ tirẹ̀ kéré. Ìjọba kéde 375 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù fún 1958. Ohun tó wà lóko jẹ́ bíi 200. Wọ́n wá fi ìwé irọ́ yẹn bu iye tí wọ́n máa kó. Ní 1959 ìkórè já sí 170 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, ìjọba kó 67 nínú rẹ̀. Yọ irúgbìn kúrò nínú 103 tó kù, yọ oúnjẹ ẹran kúrò, ẹ máa rí ohun tó ṣẹ́ kù fún àwọn tó gbìn ín. Nígbà tí ọkà kò pé, wọ́n ní àgbẹ̀ ló ri í mọ́lẹ̀, wọ́n ń lù wọ́n kí wọ́n lè fi hàn. Ní Lushan ní 1959, Peng Dehuai, mínísítà ètò ààbò, kọ lẹ́tà sí Mao, olórí Ṣáínà, nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n yọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ta ló tún máa ròyìn òótọ́? Ní Xinyang nìkan, bíi mílíọ̀nù kan nínú 8 mílíọ̀nù ló kú. Ọdún yẹn kan náà, wọ́n ta bíi 4 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ọkà sókè òkun.

Òṣìṣẹ́_Dùgbẹ̀

Mo gba gbogbo èyí tí ẹ kọ, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ikú kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í kọ ní lẹ́tà gàdàgbà, torí kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Jean Drèze àti Amartya Sen fi Íńdíà wé Ṣáínà: Íńdíà kò ní ìyàn ńlá bí ti Ṣáínà lẹ́yìn òmìnira, ìwé ìròyìn ibẹ̀ kò ní gbà. Síbẹ̀, nítorí àìsí dókítà ìgbèríko, àìsí oúnjẹ tó tó àti omi tó mọ́, iye ikú ọdọọdún ní Íńdíà ga ju ti Ṣáínà lọ débi pé láàárín ọdún 8, òkú àfikún ibẹ̀ ju ti gbogbo ìyàn Ṣáínà lọ. Òkú ọ̀hún kò ní ọjọ́ ìrántí. Bí ẹ bá ń lo ìṣirò òkú àfikún ti Oníṣirò, ẹ gbọ́dọ̀ lò ó fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru pa lábẹ́ ìjọba tí kò kọ́ ilé ìwòsàn.

OníṢirò_Yemẹtu

Òtítọ́ lẹ sọ, ó sì ń dà mí láàmú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbẹ̀: ẹni tí wọ́n kó oúnjẹ rẹ̀ lọ, tí wọ́n tún ti ọ̀nà mọ́, yàtọ̀ sí ẹni tí wọn kò kọ́ ilé ìwòsàn fún. Kí a kọ àwọn méjèèjì sílẹ̀, ṣùgbọ́n nínú òpó méjì. Bí wọ́n bá wọ òpó kan, apá méjèèjì lè fi iye yòówù jáde.

Olùkọ́Ìtàn_Àgbowó

Òpó kẹta náà wà, ti àwọn tí wọ́n dìídì pa, ìwé sì wà fún un. Àṣẹ 00447 tí NKVD, ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ Soviet, gbé jáde ní 30 oṣù keje 1937 bu iye fún agbègbè kọ̀ọ̀kan: 75,950 kí wọ́n yìnbọn pa, 193,000 kí wọ́n kó lọ sí àgọ́. Iye jáde kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ ẹni tó máa kú. Àwọn ọ̀gá agbègbè sì ń kọ̀wé sí Moscow pé kí wọ́n fi kún ti àwọn. Ní 1937 àti 1938, ìwé wọn fúnra wọn ka 681,692 tí wọ́n pa. Ní Indonesia ní 1965 sí 1966, àwọn ológun Suharto àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó jọ pa bíi 500,000 sí mílíọ̀nù kan, nítorí pé wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kọ́múníìsì tàbí wọ́n ní wọ́n jẹ́ ẹ. Òṣìṣẹ́ ilé aṣojú Amẹ́ríkà fi orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lé wọn lọ́wọ́. Ìwé ti Soviet la fi mọ tiwọn dé orí ẹyọ kan. Ti Indonesia kò ní ìwé bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni iye rẹ̀ fi ń fò láàárín ìdajì mílíọ̀nù àti mílíọ̀nù.

Ní ti ìwé: ní 1937 Soviet ka èèyàn, wọ́n rí 162 mílíọ̀nù níbi tí Stalin ti ń retí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti ìwé náà mọ́lé, wọ́n mú àwọn ọ̀gá tó kà á, wọ́n pa lára wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò pa oníṣirò, wọ́n kó ìwé pamọ́. Nígbà ogun Mau Mau, tí àwọn ọmọ Kenya fi kọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, 1952 sí 1960, wọ́n so èèyàn 1,090 kọ́, wọ́n kó ju mílíọ̀nù kan èèyàn ẹ̀yà Kikuyu lọ sí abúlé olódi, wọ́n sì lu èèyàn 11 pa ní àgọ́ Hola ní oṣù kẹta 1959. Ní 2011 ni ìjọba London gbà pé ìwé wà ní Hanslope Park, ibùdó ìjọba ní Gẹ̀ẹ́sì, bíi 8,800 fáìlì láti ilẹ̀ àmúnisìn 37. Ní 2013 wọ́n san £19.9 mílíọ̀nù fún 5,228 èèyàn. Àádọ́ta ọdún ó lé, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ "kápítálíìsì kò ṣe bẹ́ẹ̀" ń sọ ọ́ nítorí pé fáìlì wà nínú yàrá tí kọ́kọ́rọ́ tì.

AkàwéBódìjà

Ẹ ṣé púpọ̀. Mo fẹ́ kí a gbé ọ̀kan wò láti ilé, torí ó ta ko òpó tí a ń tò. Ní 18 oṣù kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn sí àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley, Enugu, èèyàn 21 kú. Owó iṣẹ́ tí wọ́n jẹ wọ́n ni wọ́n ń béèrè. Ta ló ni kùsà náà? Ìjọba amúnisìn ni, kì í ṣe iléeṣẹ́ àdáni. Ta ló ń jọba ní London? Ẹgbẹ́ Labour ti Attlee, tó pe ara rẹ̀ ní sósíálíìsì. Òkú 21 yẹn, ẹ̀gbẹ́ wo ni ẹ máa kọ wọ́n sí?

ỌmọÀgbẹ̀_Mọníyà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mú mi. Mo ti kọ ọ́ lókè pé ti sósíálíìsì burú jù. Mo yí i padà báyìí: ọwọ́ kan tó di oúnjẹ, iṣẹ́, ìbọn àti ọ̀nà mú lẹ́ẹ̀kan náà ló burú jù. Moscow dì wọ́n mú ní 1932. Leopold dì wọ́n mú ní 1900.

Ẹ wo Àgbẹ́kọ̀yà nílé wa níbí, 1968 sí 1969. Ìjọba ológun ni, ó sì yìnbọn pa àgbẹ̀. Owó orí ni wọ́n ń jà lé. Ṣùgbọ́n oúnjẹ àgbẹ̀ wà lóko, igbó wà láti sá sí, ọ̀nà Ìbàdàn ṣí sílẹ̀, ìwé ìròyìn ń kọ ọ́. Wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní oṣù kẹsàn-án 1969, wọ́n tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Awólọ́wọ̀ bá Táfà Adéoyè àti àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìjọba sì sọ owó orí kalẹ̀ sí £2. Àgbẹ̀ Kuban tó bá gbìyànjú bẹ́ẹ̀ ní 1933 kò ní rí tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè rà láti dé ìlú tí ọgbà ẹ̀wọ̀n wà.

Òṣìṣẹ́_Dùgbẹ̀

Mo lè bá yín fọwọ́ sí ìyẹn. Àfi kí ẹ fi àwọn onílé iṣẹ́ tó ra ìjọba kún un, torí àwọn náà lè di ọwọ́ kan. ABIR kò ní adé lórí, ó sì ti àwọn obìnrin mọ́lé.

OníṢirò_Yemẹtu

Àtúnṣe kan, Ọmọ Àgbẹ̀: ẹ kọ Ukraine, ẹ fi Kazakhstan sílẹ̀. Darandaran ni àwọn Kazakh. Wọ́n ní kí wọ́n jókòó sójú kan, wọ́n sì gba ẹran wọn láti fi kún iye ẹran tí Moscow bù fún wọn. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹran ọ̀sìn ibẹ̀ dín ní ìdá 90 nínú 100. Ẹni tó gbára lé ẹran kò ní oko tó lè padà sí. Bíi 1.5 mílíọ̀nù ló kú, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ẹ̀yà Kazakh lọ. Ọ̀pọ̀ sì sọdá lọ sí Ṣáínà, nítorí náà ẹ yọ wọ́n kúrò kí ẹ tó ka òkú.